Òkè Òkun Tí Mo Lọ

Òórùn epo pupa tó ń hó, tí ata ti wọ̀ ọ́ lára, ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé. Bí o bá ti Ìbàdàn ń bọ̀, tí o kọjá Aṣẹ́jìrẹ́, tí o wá ń sún mọ́ Ìkirè, òórùn yẹn á ti kí ọ káàbọ̀ kí àwọn tó gbé dòdò sórí tó sáré pàdé ọkọ̀. Ìyá mi wà lára àwọn tó ń dín in. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo ẹ̀ ti dúdú bíi táyà, èyí tí ẹlòmíì máa dà sórí ààtàn, ni ìyá mi máa gbo pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, á rọra dá a sínú epo, á sì yọ ọ́ jáde ní róbótó dúdú tí àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ dá mọ́tò dúró. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ irú obìnrin tó bí mi. Kò sí ohun tó bàjẹ́ débi tí obìnrin yẹn ò ní rí nǹkan fi ṣe, àfi èmi.

Ọdún kejì mi ní pólì ni mo kúrò níbẹ̀. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé èmi ni mo fi pólì sílẹ̀, àmọ́ ká má parọ́, pólì ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́ kí n tó gbọ́. Mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, mo ṣe é fún oṣù méjì. Mo lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan l'Ápòmù, ọ̀gá mi ní bí mo ṣe ń gé aṣọ, àfi bíi pé aṣọ náà ṣẹ̀ mí. Mo bá wọn gbẹ́ kànga ní Wásinmi fún ọjọ́ kan ààbọ̀, ààbọ̀ yẹn gan-an, abẹ́ igi ni mo wà. Nígbà tó yá, ìyá mi ò jágbe mọ́ mi mọ́. Á kàn yí dòdò ẹ̀ padà nínú epo, á wò mí, á tún yí i padà. Ìgbà tó ń jágbe sàn jù.

Ọkùnrin ará Àpòmù kan wà tó fi ọdún mẹ́rin ṣíwájú mi nílé-ìwé girama. Ìyá ẹ̀ ló ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù wá fún ìyá mi láti oko, torí náà a mọ ara wa dáadáa, a ò sì fẹ́ràn ara wa. Nílé-ìwé, ó ti fi ìgbálẹ̀ lé mi yí pápá ká rí. Ó yẹ kí n jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Àmọ́ mo ń rí fídíò ẹ̀ lórí fóònù. Ó ń gbé ní erékùṣù kan létí Èkó tí kò sí títì tó débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń lọ. Ọ̀sà wà lẹ́yìn ẹ̀, òkun wà níwájú, iyanrìn gbọọrọ wà láàárín. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń kọ́ àwọn tó bá wá ṣe fàájì bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí pátákó gígùn kan, wọ́n á máa fọwọ́ wa omi, bí ìgbì bá ti gbé wọn, wọ́n á fò dìde, wọ́n á nàró lórí pátákó náà, ìgbì á sì máa gbé wọn bọ̀ wá sí etí iyanrìn bí ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Mo wò ó, mo ní, kí ló wà níbẹ̀ tí ará Àpòmù á ṣe tí èmi ò ní lè ṣe?

Mo kọ̀wé sí i pé mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, pé omi Aṣẹ́jìrẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti já sómi yẹn rí. Apẹja kan ló fi àjẹ̀ wọ́ mi jáde bí ẹni wọ́ òkú ewúrẹ́, ó sì gbà mí létí kó tó béèrè orúkọ mi. Ará Àpòmù náà ò fèsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Máa bọ̀. Àmọ́ pátákó lo máa kọ́kọ́ máa gbé. Mi ò ráàyè ọ̀lẹ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Ìdí epo ni mo ti lọ sọ fún ìyá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú agbada ni, epo ń pariwo ṣàà. Mo ní, "Màámi, mo ríṣẹ́. Mo ń lọ sétí òkun."

Ó gbójú sókè. "Òkè òkun?"

Òun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ. Kí n kàn ní, "Rárá, ma." Àmọ́ o ò rí ojú ẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́ta, ìyá mi ò tíì fi irú ojú yẹn wò mí. Oníbàárà méjì dúró níbẹ̀, àwọn náà yíjú sí mi. Mo ní, "Ẹ ṣáà máa fàdúrà ràn mí lọ́wọ́, ma." Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Álífáà àdúgbò wa tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó ní kí Ọlọ́hun jẹ́ kí n lọ're kí n bọ̀ re, kí wọ́n má rán mi padà láti pápákọ̀ òfurufú. Èmi náà ṣe àmín. Àmín tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù. Ìyá mi di dòdò kún ọ̀rá ńlá fún mi, ó ní wọ́n sọ fóun pé kò sí ata lọ́dọ̀ òyìnbó.

Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, epo ti jò jáde lára ọ̀rá yẹn, ó ti ba gbogbo aṣọ mi jẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ sórí erékùṣù pẹ̀lú ìdí ṣòkòtò pupa. Àwọn ọmọ etíkun tó jókòó níbẹ̀ wò mí, wọ́n gbóòórùn mi, ọ̀kan ní, "Dòdò ti dé." Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè orúkọ mi.

Èmi àti òkun ò fẹ́ràn ara wa láti ọjọ́ kìíní. Ní Ìkirè, omi ń rọra lọ síbi tó ń lọ. Èyí ò níbi tó ń lọ. Á lọ, á tún bínú padà wá, bí àna tó gbàgbé ìkan nínú èébú tó fẹ́ bú ọ. Iyọ̀ ẹ̀ wọ ojú mi, ó wọ ẹ̀yìn etí mi, ó wọ inú ìrẹsì tí mò ń jẹ. Pátákó wúwo ju bó ṣe rí nínú fídíò lọ, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ lù ú, pátákó ló máa gbé ọ. Àárọ̀ ni mò ń kó o jáde, ọ̀sán ni mò ń fi àbẹ́là pa ẹ̀yìn ẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà máa yọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kó o wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, mo jẹ dòdò tán, mi ò fọwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àbẹ́là. Oníbàárà kan gun pátákó náà, ó fi àgbọ̀n balẹ̀. Ará Àpòmù wá gbóòórùn pátákó, ó gbóòórùn ọwọ́ mi. Ó ju gbogbo dòdò tó kù sínú ọ̀sà. Ẹja ò tiẹ̀ jẹ ẹ́.

Bó ṣe rí nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe bí mo ṣe ń sọ ọ́ nílé. Mo wọ awò ojú tí oníbàárà kan gbàgbé, mo ya fọ́tò pẹ̀lú òkun lẹ́yìn mi, mo gbé e sórí fóònù kí gbogbo Ìkirè rí i. Ẹnì kan tá a jọ wà ní pólì béèrè pé, "Orílẹ̀-èdè wo nìyẹn?" Mo kàn fi àwòrán ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́ sí i.

Fọ́tò yẹn ló pa mí. Ìyá mi fi han Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ìyá ará Àpòmù náà. Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ò tíì wò ó tán tó fi pe ọmọ ẹ̀ lórí fóònù. Èmi wà nítòsí, mò ń to pátákó, mi ò gbọ́ ohun tí màmá yẹn ń sọ, àmọ́ mo rí bí ọrùn ọkùnrin náà ṣe ń wú. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá bá mi.

"Ta ló sọ fún wọn n'Íkirè pé o wà lókè òkun?"

"Bọ̀dá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Òkun ni mo sọ."

"Òkun lo sọ."

"Àwọn ni wọ́n fi òkè kún un."

"Ìwọ sì yọ ọ́ kúrò?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í to pátákó. Ó mi orí. "Ṣé o mọ ohun tí ìyá mi wí? Wọ́n ní ọmọ oní-dòdò tí kò rí ìwé kà ti rékọjá òkun, èmi ṣì wà l'Ékòó, mò ń ṣeré nínú omi bíi pẹ́pẹ́yẹ. Èmi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà níbí. Èmi ni mò ń bọ́ ẹ."

"Ẹ máà bínú, Bọ̀dá."

"Màá bínú. Mo ti ń bínú báyìí." Ó nàka sí òkun. "Òkè òkun lo lọ, àbí? Kò burú. Ọkọ̀ á dé láago mẹ́rin. Kó tó dé, wàá gun òkè òkun yẹn lójú mi. Bí o bá lè nàró lórí pátákó títí ìgbì á fi gbé ọ dé ibi tí omi ò ti mu orúnkún, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, o lè máa jẹ́ òyìnbó lọ. Bí o bá ṣubú, ìwọ fúnra ẹ lo máa pe ìyá ẹ níwájú mi, wàá sọ ibi tó o wà, wàá sì wọ ọkọ̀."

Ìyẹn ló wà nílẹ̀: ojú tí ìyá mi fi wò mí nídìí epo lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, mi ò ní rí irú ojú yẹn mọ́ láyé. Mo sì mọ̀ pé mi ò tíì nàró lórí pátákó rí, àfi èyí tó wà lórí iyanrìn.

Àwọn ọmọ etíkun jókòó, wọ́n ń wò bí ẹni wo bọ́ọ̀lù. Ará Àpòmù so okùn pátákó mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó sì fà á le débi pé mo mọ̀ pé ìbínú ló fi so ó. Omi dé àyà òun náà níbi tó ti ń tì mí. Ìgbì àkọ́kọ́ dé. Mo wa omi bí ajá tí wọ́n jù sódò. Mo rí i pé nǹkan gbé mi nídìí, pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn mi: "Dúró!"

Mo dúró. Ìwọ náà rò ó wò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń sọ fún mi láyé mi pé dúró, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n má lọ mọ́. Mo káwọ́ mi kò, mo lẹ̀ mọ́ pátákó bí àlàngbá, mò ń dúró de ohun tó fẹ́ sọ. Ìgbì náà ò dúró dè mí ní tiẹ̀. Ó gbé ìdí pátákó sókè, ó fi imú mi gbẹ́ iyanrìn.

Nígbà tí mo pọ iyanrìn tán, ará Àpòmù ti wà lórí mi. "Kí ló dé tó o dáwọ́ dúró?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró."

"Mo ní kí o dúró! Kí o dìde dúró! Kí o nàró!"

Àwọn tó wà lórí iyanrìn ti ń yí gbirigbiri. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá nínú wọn ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fáwọn, nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ará Àpòmù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pólì. Wọ́n tiẹ̀ gbà ọ́ wọlé."

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fò dìde kí ìgbì tó dé, mo nàró lórí omi tó dákẹ́, mo sì rì pẹ̀lú iyì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo mu omi tó tó gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, a ti ń gbúròó ọkọ̀ láti ọ̀nà ọ̀sà. Ó ní èyí ló kẹ́yìn. Ìgbì náà dé, ó ga, ó ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. Ó tì mí, ó pariwo, "Dúró!" Mo sì dúró.

Mo dúró, ọ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lórí pátákó, omi ń sáré lábẹ́ mi, èmi sì wà lókè ẹ̀. Lókè òkun gan-an. Ariwo gbogbo dákẹ́ létí mi. Mo rí iyanrìn tó ń bọ̀, mo rí àwọn ọmọ yẹn tí wọ́n ti dìde. Bí o bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, o ò ní dé èje. Ká ní mo kàn fọwọ́ mọ́ ibi tó wà ni, màá dé ibi tí omi ò ti mu orúnkún. Àmọ́ mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù sókè, ó ń ya mí. Ẹni tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ juwọ́. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí olóṣèlú tó ń kí ìlú. Ọwọ́ yẹn ló fà mí ṣubú. Pátákó tẹ̀ lé mi bọ̀, ó gbá mi níwájú orí. Àpá ẹ̀ rèé, o ti máa ń béèrè.

Fóònù ni ará Àpòmù gbé lé mi lọ́wọ́, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n nu ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí n ṣí ohùn ẹ̀ síta. Ìyá mi gbé e. Epo ń hó lẹ́yìn ẹ̀.

"Ọmọ mi. Alihamudu lilahi. Àwọn òyìnbó ńkọ́?"

"Màámi, mi ò sí lọ́dọ̀ òyìnbó. Èkó ni mo wà, létí òkun. Ọ̀dọ̀ ọmọ Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni mo wà, mò ń bá wọn gbé pátákó."

Mò ń gbọ́ bí epo ṣe ń hó, mo tún gbọ́ nígbà tó yí dòdò padà.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ nílé?"

"Lónìí, ma. Ọkọ̀ ti dé."

"Má wálé."

Bó ṣe máa ń sọ fún oníbàárà pé dòdò ti tán ló ṣe sọ ọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní má wálé. O ò dúró ní pólì. O ò dúró nídìí fóònù, o ò dúró lọ́dọ̀ télọ̀. Gbogbo ọjà ló bá mi ṣe àmín. Ibi tó o parọ́ pé o lọ, ibẹ̀ lo máa dúró sí. Ọdún á yí po kí n tó rí ẹ. Fún ọmọ Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní fóònù."

Ará Àpòmù tẹ̀ ba. Inú omi ló wà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán, ma."

"Káàsán, ọmọ dáadáa. Gbọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá ẹ ti ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti bàjẹ́ wá fún mi, mi ò dá ọ̀kan padà fún un rí. Ìwọ náà, o ò gbọdọ̀ dá tèmi padà."

Ó pa fóònù. Ará Àpòmù wò mí, ó wo ọkọ̀, ó tún wò mí. Owó dòdò kan náà ni wọ́n fi tọ́ àwa méjèèjì, kò sì síbi tó lè gbà yẹ̀ ẹ́. Ọlọ́kọ̀ fọn fèrè ẹ̀, kò rẹ́ni gbé, ó lọ. Ará Àpòmù tú okùn pátákó kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Lọ kó pátákó wọlé."

Má rò pé a di ọ̀rẹ́. Ọdún kan gbáko la fi gbé pọ̀, a ò tíì jẹun nínú abọ́ kan náà. Ó ń pe mí ní òyìnbó níwájú àwọn oníbàárà. Mo ń fi iyanrìn sínú bàtà ẹ̀. Àmọ́ gbogbo àárọ̀ ló ń tì mí sínú ìgbì, gbogbo àárọ̀ ló ń pariwo dúró, tí mo bá ṣubú, á ní kí n wá, á tún tì mí. Ìgbà tí òjò dé, mo ti ń dé ibi tí omi ò ti mu orúnkún. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, mo ti ń kọ́ ẹlòmíì. Kò yìn mí rí. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ kí ilé, ó ju ègé àbẹ́là kan sínú àpò mi, ó ní, "Kí ọwọ́ ẹ lè máa rántí."

Mo sọ̀ n'Íkirè lọ́sàn-án, òórùn yẹn sì kí mi káàbọ̀. Ìyá mi wà nídìí epo, oníbàárà yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà, rí àwọ̀ mi tó ti dúdú bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rí báàgì mi kékeré, ó ní, "Ìyá oní-dòdò, ṣé àbọ̀ òkè òkun rèé?"

Mo ti ní irọ́ méjì nílẹ̀. Ìyá mi ò jẹ́ kí n la ẹnu. Kò gbójú sókè pàápàá. Ó yí dòdò padà, ó ní, "Kò lọ òkè òkun kankan. Ibì kan ló ti lọ dúró."

Ó wá na ṣíbí agbada sí mi, ó sún kúrò lórí àpótí ẹ̀. Mo jókòó. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá pe dúró lẹ́yìn mi, ì báà ṣe ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ dìde.